Mẹ́gáàdì Tó ń Sùn ní Yàrá: Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Éjẹ́ǹtì Ìṣàkóso Ìwọlé Wò Lórí Sáfà Yín

Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Sábó ní Ìkòròdú, mo jókòó ti Ìyá Akápò lọ́jọ́ kan, mo sì fi ìlà àṣẹ kan ṣoṣo sọ ara mi di wọn. Mi ò mọ páswọ́ọ̀dù wọn. Mi ò béèrè nọ́ńbà tó máa ń wọ fóònù wọn kí wọ́n tó wọlé. Wáífáì tí wọ́n ń fún àlejò ni mo wà lórí rẹ̀. Ojú ìwé tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí owó yíyá ṣí lórí láptọ́ọ̀pù mi, orúkọ wọn wà lókè, bọ́tìnì ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀.

"Ta ló wọlé yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi tí mo jókòó síbí?"

"Ohun tí kọ̀ǹpútà gbà nìyẹn, mà."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi í sórí tábìlì. "Ṣebí torí kírú èyí má baà ṣẹlẹ̀ la ṣe sanwó nǹkan yẹn."

Nǹkan tí wọ́n ń wí ni sọ́fíwià ìṣàkóso ìwọlé tí àwọn kan wá gbé sórí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù wọn ń gbé lórí rẹ̀, lọ́dún tó ṣáájú. Kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, áàpù wọn máa ń béèrè páswọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e síbẹ̀, áàpù kò béèrè mọ́, ó ń gba ohun tí éjẹ́ǹtì, apá sọ́fíwià náà tó wà lórí sáfà, bá sọ gbọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mo máa ń gbà wá kòkòrò náà, àti bí mo ṣe ń yọ ọ́ láìfa ẹ̀fọ́ tu.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: ẹ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ni sáfà kẹ́ ẹ tó dán ohunkóhun wò. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2015, ka wíwọ kọ̀ǹpútà onílé láìgbàṣẹ láti lu jìbìtì sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó di pé ẹ̀ ń ṣàlàyé pé ẹ kàn ń dán an wò láìsí ìwé lọ́wọ́. Tèmi wà nínú fáìlì Ìyá Akápò, alága àti akọ̀wé ló fọwọ́ sí i.

Ohun tí éjẹ́ǹtì ń ṣe gan-an

Tí áàpù bá pọ̀ níbi iṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ páswọ́ọ̀dù sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra sọ́fíwià ìṣàkóso ìwọlé: èèyàn á sọ ẹni tó jẹ́ níbì kan ṣoṣo, gbogbo áàpù á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Apá méjì ló ní. Ọ̀kan ni sáfà tó mọ orúkọ gbogbo èèyàn, tó ń pinnu ẹni tó lè dé ibi wo. Mo máa pè é ní sáfà àṣẹ. Èkejì ni éjẹ́ǹtì, sọ́fíwià kékeré tí wọ́n ń gbé sórí sáfà tí áàpù fúnra rẹ̀ wà. Kì í ṣe éjẹ́ǹtì tó ń mú yín lọ wo ilé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèyí náà fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ onílé.

Ó lè jẹ́ módùù nínú Apache (sọ́fíwià tó ń gba ìbéèrè wọlé), ó lè jẹ́ fílítà nínú Tomcat (sọ́fíwià tí áàpù Java ń gbé inú rẹ̀), ó sì lè jẹ́ láíbìrárì tí ètò ìwọlé Linux ń pè. Bí ìbéèrè bá ṣe ń wọlé, éjẹ́ǹtì á dá a dúró, á bi sáfà àṣẹ léèrè. Tí ìyẹn bá ní kó kọjá, éjẹ́ǹtì á kọ orúkọ ẹni náà sínú hẹ́dà kan (àkọlé tó ń bá ìbéèrè rìn), bíi REMOTE_USER, á sì tì í síwájú. Áàpù á ka orúkọ yẹn, ó parí.

Mẹ́gáàdì tó yẹ kó dúró ní géètì ti wá ń sùn ní yàrá. Ó lè máa lo mẹ́mórì kan náà pẹ̀lú áàpù, ó ń ka fáìlì tí áàpù ń kà, ọwọ́ rẹ̀ tó páswọ́ọ̀dù détábéèsì. Nígbà míì root, orúkọ tó ní gbogbo àṣẹ lórí sáfà, ni wọ́n fi ń gbé e dìde, àṣẹ rẹ̀ á wá ju ti áàpù tó wá ṣọ́ lọ. Tí kóòdù rẹ̀ bá ní àléébù, kò sí ògiri kankan láàárín àléébù yẹn àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó wà lórí sáfà

Ẹ má gba ìwé tí ẹni tó ta ọjà náà fún yín gbọ́. Ẹ bi sáfà fúnra rẹ̀:

`ss -tlnp`
`ps -eo user,pid,args`
`apachectl -M`
`grep -n "<filter" $(find / -name web.xml 2>/dev/null)`

Ìlà àkọ́kọ́ á sọ pọ́ọ̀tù (ilẹ̀kùn tí ìbéèrè ń gbà wọ sáfà) tó ṣí àti ẹni tó ṣí i. Ìkejì á sọ orúkọ tí sọ́fíwià kọ̀ọ̀kan ń lò. Ìkẹta á ka módùù Apache, ìkẹrin á fi fílítà tó wà nínú áàpù Java hàn yín. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà. Ní ọ́fíìsì tí mò ń wí yìí, mo bá pọ́ọ̀tù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò rántí ìdí tí wọ́n fi ṣí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé èèyàn lè gba ẹ̀yìn kọjá?

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò yín jù. Tó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú gbogbo èyí, òun ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dúró sí ibi tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ kọjú sí ọ̀sà. Tí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gba ẹ̀yìn wá, tó gùn ún wọlé, tó jókòó sáàárín èrò, tí awakọ̀ sì ti gbà pé gbogbo ẹni tó jókòó ló ti kọjá lọ́dọ̀ ayẹ-tíkẹ́ẹ̀tì, kí ló kù tí awakọ̀ fẹ́ bi í?

Apache tí éjẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èbúté. Tomcat tí áàpù wà nínú rẹ̀ ni ọkọ̀. Bí Tomcat ṣe máa ń dé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, pọ́ọ̀tù 8080 rẹ̀ ṣí sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí sáfà wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dé 8080 kò rí éjẹ́ǹtì rárá. Kò sì sí ẹni tó ní kó má kọ hẹ́dà tirẹ̀ wá.

Láti orí kọ̀ǹpútà míì, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí (curl ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáfà láìlo bráúsà):

`curl -i http://10.0.0.5:8080/yiya/fowosi`

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣe èyí:

`curl -i -H "REMOTE_USER: akapo" http://10.0.0.5:8080/yiya/fowosi`

Ẹ fi àdírẹ́sì yín, ojú ọ̀nà yín àti orúkọ hẹ́dà tí éjẹ́ǹtì yín ń lò rọ́pò tèmi. Tí sáfà bá kọ̀ láti dáhùn rárá, ara tù yín. Tó bá dáhùn pẹ̀lú 401 tàbí 403 ("mi ò gbà yín láyè") lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sàn, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù ṣì ṣí. Tí ìkejì bá mú 200 ("ẹ máa wọlé") wá, ẹ ti di akápò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Tí Apache àti Tomcat bá jọ wà lórí sáfà kan náà, ẹ ṣí `server.xml`, kẹ́ ẹ so Tomcat mọ́ inú ilé, ìyẹn 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí sáfà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

`<Connector port="8080" address="127.0.0.1" ... />`

Tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí fáyàwọ́ọ̀lù gba Apache nìkan láyè. Ẹ kọ ìlà tó ń gbà láyè ṣáájú ìlà tó ń kọ̀, torí pé èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ni ufw, fáyàwọ́ọ̀lù Linux, ń tẹ̀ lé:

`ufw allow from 10.0.0.4 to any port 8080 proto tcp`
`ufw deny 8080/tcp`

Àwọn tó ń lo Docker, ẹ gbọ́ o. Pọ́ọ̀tù tí Docker bá ṣí kì í gba ọ̀dọ̀ ufw kọjá. Ẹ lè ka ufw kó sọ fún yín pé òun ti ti 8080 pa, kí 8080 sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tẹ́ ẹ bá ń sọ pọ́ọ̀tù fún Docker, `127.0.0.1:8080:8080` ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ `8080:8080` lásán.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ti di títì, ẹ wá padà sí iwájú. Ẹni tó gba ojú ọ̀nà tó tọ́ wọlé ṣì lè kó hẹ́dà ayédèrú dání, kó máa retí pé éjẹ́ǹtì á gbàgbé láti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí Apache yọ ọ́ kúrò kí éjẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́:

`RequestHeader unset REMOTE_USER early`
`RequestHeader unset Remote-User early`

Ẹ má fo `early` yẹn. Láìsí i, Apache á dúró títí éjẹ́ǹtì á fi ṣe tán kó tó yọ hẹ́dà, orúkọ tòótọ́ tí éjẹ́ǹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ló sì máa yọ dànù. Mo ti fi wákàtí mẹ́rin ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, lórí sáfà tí gbogbo èèyàn ti di àlejò, àti alága náà.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni pé ọ̀pọ̀ èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù máa ń sọ àmì `-` di `_`. Remote-User àti Remote_User á wá di ohun kan náà lójú áàpù, nígbà tí wọ́n jẹ́ méjì lójú éjẹ́ǹtì. Nginx, tí àwọn kan ń lò dípò Apache, máa ń da hẹ́dà tó bá ní `_` nù bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dà á nù.

Ó ku AJP. Ọ̀nà àtijọ́ kan nìyẹn tí Apache fi ń bá Tomcat sọ̀rọ̀ ní pọ́ọ̀tù 8009, Tomcat sì máa ń fọkàn tán ohun tó bá gba ibẹ̀ wá ju ti pọ́ọ̀tù yòókù lọ, títí kan orúkọ ẹni tó wọlé tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020 ni aráyé mọ̀ pé ẹni tó bá dé 8009 lè ka fáìlì inú áàpù. Ghostcat ni wọ́n ń pe àléébù náà, nọ́ńbà rẹ̀ ni CVE-2020-1938. Láti Tomcat 9.0.31, 8.5.51 àti 7.0.100 ni wọ́n ti tún un ṣe. Tẹ́ ẹ kò bá lo AJP, ẹ pa ìlà rẹ̀ rẹ́ nínú `server.xml`. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ fún un ní `secret`, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ 127.0.0.1.

Gbogbo èyí ń dí ihò. Ohun tó wà lábẹ́ ihò náà ni pé áàpù ń gba orúkọ lásán gbọ́. Tí áàpù bá jẹ́ tiyín, tẹ́ ẹ sì lè tún kóòdù rẹ̀ kọ, ẹ ní kí sáfà àṣẹ fún un ní tókìn (ìwé ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà) tí wọ́n fọwọ́ sí, kí áàpù sì yẹ ìfọwọ́sí náà wò fúnra rẹ̀ lórí gbogbo ìbéèrè. Ẹnikẹ́ni lè kọ "akapo" sórí bébà. Àmì ìfọwọ́sí sáfà àṣẹ ni wọn ò lè kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ojú méjì kì í ka ọ̀nà bákan náà

Éjẹ́ǹtì máa ń ní àkọsílẹ̀ ojú ọ̀nà tí kò ní í ṣọ́: ojú ìwé ìrànwọ́, àwòrán, nǹkan tí gbogbo èèyàn lè rí. Ìṣòro ni pé éjẹ́ǹtì tó wà nínú Apache àti áàpù tó wà nínú Tomcat kì í ka ọ̀nà bákan náà. Ẹ gbìyànjú èyí láti iwájú:

`curl -i --path-as-is "https://10.0.0.5/iranwo/..;/yiya/fowosi"`

Lójú éjẹ́ǹtì, `..;` jẹ́ orúkọ fódà lásán, abẹ́ `/iranwo` sì ni gbogbo rẹ̀ wà, nítorí náà kó máa kọjá. Tomcat ní tirẹ̀ máa ń gé ohun tó bá tẹ̀ lé `;` kúrò. Ó ku `..`, ìyẹn "padà sẹ́yìn". Ó padà sẹ́yìn, ó bá ara rẹ̀ ní `/yiya/fowosi`. Éjẹ́ǹtì jẹ́ kó lọ ka ìrànwọ́, ó wá bá ara rẹ̀ nídìí àpótí owó. Orange Tsai, ọmọ Taiwan, ló ṣàlàyé irú èyí yékéyéké níbi Black Hat, ìpàdé àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ní ọdún 2018, mo sì ṣì ń bá a lórí sáfà títí di òní.

Ẹ dán `/yiya/fowosi;x.png` náà wò. Éjẹ́ǹtì tí wọ́n bá ti sọ fún pé kó má dá àwòrán dúró á rí `.png` ní ìparí, á ní kó máa lọ. Tomcat á gé `;x.png` dànù.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń gé àkọsílẹ̀ náà kúrú. Kí éjẹ́ǹtì ṣọ́ gbogbo rẹ̀, ká wá dárúkọ ìwọ̀nba tí kò ní í ṣọ́, ní kíkún, kì í ṣe nípa ìparí orúkọ fáìlì. Kí Apache sì kọ ìbéèrè èyíkéyìí tó bá ní `;` nínú ọ̀nà, àyàfi tí áàpù yín bá nílò rẹ̀ lóòótọ́. Tí àwọn àwòrán bá ń da yín láàmú, ẹ kó wọn sí ojú ọ̀nà tiwọn tí Tomcat kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àṣẹ tó pọ̀ jù àti àṣírí tó wà nílẹ̀

Éjẹ́ǹtì ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń sọ fún sáfà àṣẹ pé "èmi ni o". Inú fáìlì kan lórí sáfà áàpù ló máa ń wà. Àwọn tó ṣe é á ní àwọn ti pa á láró (wọ́n ti kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà), ẹ má bẹ̀rù. Ẹ bi wọ́n níbo ni kọ́kọ́rọ́ àró náà wà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, fódà kan náà ni. Ẹni tó bá ti ka fáìlì yẹn lè gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó máa bá sáfà àṣẹ sọ̀rọ̀ bí éjẹ́ǹtì. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣírí kan náà ni wọ́n fún gbogbo éjẹ́ǹtì, ó ti dé gbogbo sáfà yín nìyẹn.

Ẹ fún éjẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀. Ẹ fi `chmod 600` sórí fáìlì náà kó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló máa kà á, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí nínú ẹ̀dà ìpamọ́ tí gbogbo èèyàn lè ṣí. Ẹ fi `systemctl cat` wo orúkọ tí wọ́n fi ń gbé e dìde. Tó bá jẹ́ root, ẹ ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún un, kẹ́ ẹ wá fi ìwọ̀nyí kún un:

`NoNewPrivileges=yes`
`ProtectSystem=strict`
`ProtectHome=yes`

Ó ṣeé ṣe kó kọ̀ láti dìde. Ẹ ka lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí sáfà), ẹ fún un ní fódà kan ṣoṣo tó ń sunkún fún, ẹ má fún un ní gbogbo ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ orí rẹ̀

Sọ́fíwià ààbò ń ṣàìsàn bíi sọ́fíwià yòókù. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí SEC Consult fi hàn pé àṣìṣe nínú bí Oracle Access Manager ṣe ń pa tókìn láró jẹ́ kí èèyàn lè ṣe tókìn ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, títí kan ti alábòójútó. Nọ́ńbà rẹ̀ ni CVE-2018-2879. Ní 2021, ForgeRock OpenAM ní CVE-2021-35464: ẹni tí kò tíì wọlé rárá lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo mú kí sáfà ṣe ohun tó bá ní kó ṣe. Áàpù Java ni OpenAM fúnra rẹ̀, inú Tomcat ló sì sábà máa ń wà. Àwọn tó bá fẹ́ fowó pa mọ́ á gbé e sínú Tomcat kan náà tí áàpù wọn wà. Nígbà tí ọ̀kan ṣubú, méjèèjì ló ṣubú. Oracle tún padà wá pẹ̀lú CVE-2021-35587, 9.8 nínú 10 ni ìwọ̀n ewu rẹ̀, ní apá tí wọ́n ń pè ní OpenSSO Agent. Oṣù January 2022 ni àtúnṣe rẹ̀ jáde.

Ẹ má gbàgbé ohun tí éjẹ́ǹtì gbé dání wá. Ní December 2021, àléébù inú Log4j, láíbìrárì tí áàpù Java fi ń kọ lọ́ọ̀gì, da gbogbo ayé láàmú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì tún áàpù tiwọn ṣe, tí Log4j tó bá éjẹ́ǹtì wọlé ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá a:

`find / -name "log4j-core*.jar" 2>/dev/null`

Àṣẹ yìí kò ní í rí èyí tó wà nínú fáìlì `.war` tí wọn ò tíì tú. Ẹ fi `unzip -l` wo inú wọn náà.

Ìyà mìíràn tí éjẹ́ǹtì ń fi jẹni kò hàn sójú: ó máa ń so yín mọ́ ohun àtijọ́. Ẹ fẹ́ gbé Java gòkè, wọ́n ní éjẹ́ǹtì ò tíì gbà á. Ẹ fẹ́ gbé Apache gòkè, módùù rẹ̀ kò ní í wọlé. Báyìí ni áàpù á ṣe máa gbé pẹ̀lú àléébù tí àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ látọdún mẹ́ta, nítorí àlejò tó wà nínú ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má gbà kó máa gbé ara rẹ̀ gòkè lóru láìsọ fún yín. Éjẹ́ǹtì ààbò CrowdStrike kì í ṣe ti ìṣàkóso ìwọlé, ṣùgbọ́n inú Windows lọ́hùn-ún gan-an lòun náà ń gbé. Ní July 19, 2024, fáìlì kan tó ní àṣìṣe dé sórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 sì ṣubú lọ́jọ́ kan. Ẹ máa kọ́kọ́ dán ẹ̀dà tuntun wò lórí sáfà tí kò sí owó nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tí sáfà àṣẹ kò bá sí ńkọ́?

Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Egbin, 1,320 mẹ́gáwáàtì, inú Ìkòròdú níbí ló wà, síbẹ̀ ẹ bi wá bóyá iná wà. Íntánẹ́ẹ̀tì náà a máa tẹ̀ lé iná lọ. Sáfà àṣẹ ẹgbẹ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà áàpù wà ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì lórí ínfátà. Ìjà wọn kì í ṣe kékeré lójoojúmọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé: tí éjẹ́ǹtì bá pe sáfà àṣẹ tí kò dáhùn, ṣé ó ń ti ilẹ̀kùn ni, àbí ó ń ṣí i? Àwọn kan máa ń ní kó ṣí i kí iṣẹ́ má baà dúró. Ẹ dá ìjà náà sílẹ̀ fúnra yín ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí:

`ufw insert 1 deny out to 10.0.0.9`

10.0.0.9 ni sáfà àṣẹ nínú àpẹẹrẹ yìí. Ẹ tún éjẹ́ǹtì gbé dìde lẹ́yìn náà, torí pé ìsopọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ufw. Ẹ gbìyànjú láti wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní àṣẹ. Ẹ tún wo iye àkókò tí ìpinnu àtijọ́ fi ń wà lọ́kàn rẹ̀: òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ lé lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ṣé ó ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú éjẹ́ǹtì títí di ìrọ̀lẹ́? Fún ojú ìwé tó kan owó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ mú mẹ́gáàdì padà sí géètì

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ yọ éjẹ́ǹtì kúrò lórí sáfà áàpù pátápátá. Ẹ fi próksì (sọ́fíwià tó ń gba ìbéèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ áàpù) síwájú, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà àfojúinúwò (virtual machine) tirẹ̀, kí òun bá sáfà àṣẹ sọ̀rọ̀. Apache pẹ̀lú mod_auth_openidc lè ṣe é, Nginx pẹ̀lú oauth2-proxy náà lè ṣe é. Sáfà áàpù á wá ṣílẹ̀kùn fún próksì nìkan, kò ní í sí kóòdù ẹlòmíì nínú mẹ́mórì rẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ próksì ṣì lè pe ara rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni, mi ò ní purọ́ fún yín, àyàfi tí áàpù bá ń yẹ tókìn wò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní rí páswọ́ọ̀dù détábéèsì níbẹ̀.

Ní ọdún 2022, àwọn tó ń ṣe Keycloak, sọ́fíwià ìṣàkóso ìwọlé kan, fúnra wọn kéde pé àwọn fẹ́ fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n ń gbé sínú áàpù sílẹ̀, kí áàpù máa lo ìlànà ìwọlé OpenID Connect tó wà nínú èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ.

Ẹgbẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí èèyàn ogún ń lò kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ìgbésẹ̀ kejì, ìkẹta àti ìkẹrin á gbà wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ń yọ éjẹ́ǹtì, ẹ kọ́kọ́ ti pọ́ọ̀tù tí áàpù ń lò, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Áàpù tí éjẹ́ǹtì rẹ̀ ti lọ ṣì ń gba hẹ́dà gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fagi lé ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ lórí sáfà àṣẹ, kẹ́ ẹ sì wá orúkọ tó ń lò, iṣẹ́ inú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tá a dá fún un) àti ìlà inú sudoers (fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè lo àṣẹ root). Àwọn tó ń yọ ọ́ kì í sábà rántí sudoers.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti wọlé

Ẹ má tún sáfà gbé kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ da lọ́ọ̀gì Tomcat àti ti Apache kọ, kẹ́ ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn: ìbéèrè tó wà nínú ti Tomcat tí kò sí nínú ti Apache ló gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ fagi lé gbogbo tókìn tó wà níta àti gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà lórí sáfà náà, títí kan ti détábéèsì. Tí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá ti jáde, tó sì lè pa wọ́n lára, òfin ìdáàbòbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ láti sọ fún àjọ tó ń rí sí i.

Ohun tó ń ṣọ́ mẹ́gáàdì

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà ní ọ́fíìsì náà tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo fi Linux sí i, mo so ó mọ́ wáífáì àlejò, mo sì kọ ìlà yìí sínú cron rẹ̀:

`0 6 * * * curl -s -o /dev/null -m 5 http://10.0.0.5:8080/ && echo "8080 ti si" | mail -s "Safa" emi`

Ohunkóhun tí 8080 bá fi dáhùn, kódà kó jẹ́ 403, lẹ́tà á wọlé sí mi. Tí kò bá dáhùn, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó ti wọlé lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà: ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú sáfà gbé Tomcat gòkè ní ọjọ́ Sunday, `server.xml` tuntun gorí ti àtijọ́, ìlà 127.0.0.1 sì bá a lọ. Mo pè é láago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. A ti dá a padà kí Ìyá Akápò tó dé ọ́fíìsì.